Báwo ni màmá mi ṣe di ọjà tí rédíò ń tà?

Ọmọ Ìjòkà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé, ọdún kejì ni mo sì wà nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ wa ní ohun tí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ń tà gan-an kì í ṣe ètò, àwa tí à ń gbọ́ ọ ni wọ́n ń tà fún àwọn olùpolówó. Ó ní Dallas Smythe, onímọ̀ iṣẹ́ ìròyìn ọmọ Kánádà, ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1977. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yé mi. Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Rédíò kékeré rẹ̀ wà lórí àpò lẹ́yìn rẹ̀, kì í pa á títí wọn á fi palẹ̀ ọjà mọ́. Kò san kọ́bọ̀ fún un. Ta ló wá tà á, ta ló sì rà á? Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ kì í ṣe torí ìdánwò nìkan ni mo fi ń béèrè. Ó dà bíi pé wọ́n bú màmá mi ni.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wá ìpolówó fún iléeṣẹ́ rédíò kan nílùú Àkúrẹ́ níbí, nítorí náà màmá rẹ wà lára àwọn tí mo tà. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, n kì í sọ pé ètò wa dùn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé: “Láago méje àárọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ, àwọn awakọ̀ wà ní páàkì, ọ̀dọ̀ wa ni etí wọn wà.” Ìṣẹ́jú kan tí mo tà lówó gọbọi láàárọ̀, tó bá di aago méjì òru, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń tà á. Ẹ̀rọ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Etí ló yàtọ̀. Màmá rẹ kò san owó rédíò lóòótọ́, àmọ́ owó ìpolówó wà nínú iye tó fi ń ra ọṣẹ.

Ibi tó dùn mí rèé. A ní ètò àgbẹ̀ kan tí àwọn ará oko fẹ́ràn gan-an. Kò rí onígbọ̀wọ́, torí pé àwọn tó ń gbọ́ ọ kò lówó tí olùpolówó ń wá. Wọ́n gbé e kúrò láago méje alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí. Mo bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbọ́.

Tíṣà Oǹdó:
Ẹ ṣeun, mà. Etí ni ẹ tà, ẹ ò ta ọkàn. Stuart Hall, onímọ̀ tí wọ́n bí ní Jàmáíkà tó sì ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti là á lọ́dún 1973 pé ìtumọ̀ tí atọ́kùn dì sínú ọ̀rọ̀ lè má jẹ́ èyí tí olùgbọ́ máa tú jáde. Bí rédíò bá ní owó kòkó ti gòkè, àgbẹ̀ kan á gbà á bẹ́ẹ̀, á sì yọ̀. Bàbá mi á ní, “Òótọ́ ni, àmọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, kò tíì dé abúlé wa.” Ẹnìkẹta á ní àwọn tó ń ra kòkó ni rédíò ń gbèjà. Ìkéde kan ṣoṣo ni o.

Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn baba wa sọ rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí àpótí oníwáyà, èyí tí wáyà ń gbé ohùn rédíò wá sínú rẹ̀, dé Èkó lọ́dún 1935, kò sí bí èèyàn ṣe lè fèsì. Lónìí, wọ́n ń pe atọ́kùn lórí fóònù, wọ́n sì ń bá a jiyàn.

Ọmọ Ìjòkà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo bi màmá mi lálẹ́ àná. Ó ní bí ìpolówó bá ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn lòún máa ń ka owó. Ìkéde òkú nìkan lòún ń yí ohùn rẹ̀ sókè fún, kí òun má baà pàdánù ìsìnkú oníbàárà òun.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, owó ni wọ́n fi ń gbé ìkéde òkú náà o! Èmi ni mo máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí màmá rẹ ń fi rédíò ṣe nìyẹn, òun ló yàn án fúnra rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìdánwò rẹ lábẹ́ Elihu Katz, onímọ̀ iṣẹ́ ìròyìn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní ká béèrè ohun tí èèyàn ń fi rédíò ṣe. Kí o sì bá mi bi í bóyá ó máa ń jí gbọ́ ètò àgbẹ̀ ti ìdájí.