Yorùbá: ṣé Kwa ni, àbí Benue-Congo, àbí Volta-Niger?

Akẹ́kọ̀ọ́-Èdè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé kan pe èdè Yorùbá ní ọmọ ẹbí Kwa. Òmíràn ní Benue-Congo ni. Ẹ̀kẹta ò dárúkọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, Volta-Niger ló kọ. Èwo ni ká mú? Ìbéèrè mi kejì lórí ònkà ni. Ẹ̀ta ni Yorùbá ń pè, Ígbò ń pè é ní àtọ́, Ewe ní etɔ̃, Swahili ní tatu. Ẹ̀rin tún wá jẹ́ ànọ́, ene àti nne. Ṣé èyí ò tó láti sọ pé bákan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe sún mọ́ra?

Atọ́ka
Ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà ni kó o kọ́kọ́ wò. Ìwé tó bá ń tẹ̀lé Joseph Greenberg, tó pín àwọn èdè Áfíríkà ní 1963, Kwa ló máa kọ. Inú àpò kan náà ni Greenberg kó Yorùbá, Ígbò, Ẹdó, Tápà, Idoma, Akan, Ewe àti Gã sí, títí kan Ijọ àti Kru. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ nínú ìwé yẹn pé èèyàn lè ṣiyèméjì nípa ààlà tó wà láàárín Kwa àti Benue-Congo. Ibi tí àpò náà ti ya nìyẹn. Ní 1977, àwọn onímọ̀ èdè Bennett àti Sterk yọ àwọn ti ìlà oòrùn nínú Kwa, ìyẹn Yorùbá, Ígbò, Ẹdó, Tápà àti Idoma, wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ Benue-Congo. Ìpín tuntun yìí ló wọ inú ìwé ńlá tí Bendor-Samuel ṣàkójọ rẹ̀ ní 1989. Akan, Gã, Ewe àti àwọn tó sún mọ́ wọn ló kù sínú Kwa, Ijọ àti Kru sì dá dúró. Volta-Niger ni orúkọ tí Roger Blench ń lò fún àwọn tí wọ́n yọ yìí, tí wọ́n wá di ti ìwọ̀ oòrùn nínú Benue-Congo, tó sì tún fi Ewe, Fọn àti àwọn Gbe yòókù kún un.

Ìró-àti-Ohùn
Ọ̀rọ̀ ònkà yẹn ló jẹ mí lógún jù, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Fulfulde tó jìnnà réré pàápàá, tati ló ń pe ẹ̀ta, nay ló ń pe ẹ̀rin. Ogún bàbá ńlá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó dé ọwọ́ gbogbo ọmọ. Ó jẹ́rìí pé bàbá kan ló ni wọ́n. Fi wọ́n wé biyu, uku, huɗu ti Háúsá, wàá rí bí ará ìta ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ogún tó kárí ò lè sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá àti ẹni tó jẹ́ ọbàkan. Ohun tó ń fi ọmọ ìyá hàn ni àyípadà tí àwọn kan jọ ṣe, tí àwọn yòókù ò ṣe.

Wò ó nínú ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Ní Oǹdó àti Ìkálẹ̀, eghó ni owó. Èèyàn lè tètè sọ pé gh ló so wọ́n pọ̀. Rárá o. Gh ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ọ̀yọ́ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló sọ ọ́ di w. Àwọn tó di ohun àtijọ́ mú kò jọ ṣe nǹkan kan. Àmọ́ wo "àn án wá". Ní gúúsù ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ó lè jẹ́ "ẹ wá", ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá": ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ méjì ti di ọ̀kan. Àyípadà gidi nìyẹn. Irú ẹ̀rí báyìí ló wà lẹ́yìn ìpín mẹ́ta tí onímọ̀ èdè Adetugbo pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ní 1967: àríwá ìwọ̀ oòrùn, àárín gbùngbùn, àti gúúsù ìlà oòrùn.

Kwa àtijọ́ ò ní irú ẹ̀rí yìí. Ìrísí ló fi kó wọn jọ: ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké, kp (tí Yorùbá ń kọ ní p) àti gb, àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe (ọ̀rọ̀-ìṣe tó tò tẹ̀ lé ara wọn nínú gbólóhùn kan), àti pé wọn ò ní ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ bíi ti Swahili, tó ń pe ẹnì kan ní mtu, tó ń pe ọ̀pọ̀ ní watu. Aládùúgbò lè kó àsínpọ̀ ran aládùúgbò. Ìsọ̀rí náà lè sọ nù lọ́wọ́ èdè méjì láìjẹ́ pé wọ́n jọ sọ ọ́ nù. Òjìji rẹ̀ ṣì wà lára wa: ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú, eyín, igi, fáwẹ̀lì ló ṣáájú gbogbo wọn, nígbà tó jẹ́ pé kọ́ńsónáǹtì ló ń bẹ̀rẹ̀ wá, lọ, jẹ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ti gbó ni fáwẹ̀lì yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́-Èdè
Ẹ ṣeun gan-an. Bí mo bá wá fẹ́ fi Yorùbá wé Igala fúnra mi ńkọ́?

Atọ́ka
Má bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ ọjà tàbí ti ẹ̀sìn. Àlùbọ́sà àti àlàáfíà, àyálò ni. Fá tí Fọn ń pè, Ifá ni, ìsìn ló gbé e lọ. Mú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tí onímọ̀ èdè Swadesh kó jọ: ẹ̀yà ara, omi, iná, jẹ, mu, kú. Fi ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ kó o tó fi ọ̀kan wé èkejì, torí igbá, ìgbà, ìgbá àti igba, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Gé fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, kó o wo gbòǹgbò. Ka l àti n ti Yorùbá sí ọ̀kan, torí "ní owó" ló ń di "lówó".

Lẹ́yìn náà, wá ìró tó ń pàdé ìró kan náà léraléra. Ẹ̀rin jẹ́ ẹlẹ ní Igala, àrún jẹ́ ẹlu (mi ò fi ohùn sí ti Igala níbí): r pàdé l lẹ́ẹ̀mejì. Méjì kò tó, wá sí i. Ẹ̀wá jẹ́ ẹgwa, ó sì bá ohun tí Ìró-àti-Ohùn sọ mu, torí w ti Ọ̀yọ́ ti gbé gw àtijọ́ náà mì.

Ìró-àti-Ohùn
Má sì fi iye ọ̀rọ̀ tó jọra ṣírò ọdún tí èdè méjì ti yà o. Àbá Swadesh ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, nǹkan bíi 86 ló ń kù lẹ́yìn 1,000 ọdún. Èdè kì í yí padà ní ìwọ̀n kan náà, àyálò láàárín aládùúgbò sì máa ń mú kí ìyapa dà bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ní ti ohun tó o máa kọ, kọ Niger-Congo (ẹbí ńlá tí Yorùbá, Swahili àti Fulfulde jọ wà nínú rẹ̀), lẹ́yìn náà Benue-Congo, lẹ́yìn náà Yoruboid (ẹ̀ka tó kó Yorùbá, Itsekiri àti Igala pọ̀). Bó o bá lo Volta-Niger, dárúkọ ẹni tó o tẹ̀ lé, torí àyípadà àjọṣe tó yẹ kó gbé e dúró ṣì kéré lójú mi. Yoruboid ní tiẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Iṣẹ́ Akinkugbe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978 fi hàn pé Igala ló kọ́kọ́ yà, tí Yorùbá àti Itsekiri ṣì jọ wà fún ìgbà díẹ̀. Koelle, tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown, ti kó Igala pọ̀ mọ́ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Aku níbẹ̀, láti 1854.