Irọ́ tí mo ń pa mọ́ nẹ́tíwọ̀kì, kí n tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní Wùsé

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí ẹ tó sọ tiyín.

Ẹ̀rọ POS ni ilé iṣẹ́ wa ń bá ṣe, èmi ni mo sì kọ apá tó ń ṣírò owó sínú àkáǹtì àwọn tó ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Kúbwà, l'Ábújá níbí, tí wọ́n ní ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá wọn tajà. Àkáǹtì kan náà ni owó méjèèjì ń wọ̀. Lọ́dún tó kọjá wọ́n pè mí pé owó àwọn ò pé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nẹ́tíwọ̀kì ni. Á wọlé tó bá dọ̀la." Kò wọlé. Wọ́n tún pè, mo tún ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ta ni ò ní gbà ní ìlú yìí?

Lóṣù kẹjọ ni mo forúkọ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé kan ní Wùsé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, lórí àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tó pín sórí kọ̀ǹpútà púpọ̀. Kí n má parọ́, ìwé ẹ̀rí ni mo bá lọ. Mo rò pé mo ti mọ ìyókù.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà kọ ètò ráńpẹ́ kan ní èdè Go. Ó dá goroutine 1,000 sílẹ̀ (àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan), ó ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa fi 1 kún nọ́ńbà kan náà, kí ó ṣe é nígbà 1,000. Mílíọ̀nù kan ló yẹ kó jáde. Èyí tó jáde ò tó bẹ́ẹ̀. Ó tún un ṣe, nọ́ńbà mìíràn tún jáde. Kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí Kúbwà ni ọkàn mi ti lọ.

Ohun tí a ń pè ní "fi kún un" yìí, iṣẹ́ mẹ́ta ni lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà: kà á, fi kún un, kọ ọ́ padà. Ká ní ₦50,000 wà nínú àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi. Oníbàárà kan wá fi káàdì gba ₦20,000 lọ́wọ́ wọn, òmíràn fi tirẹ̀ gba ₦10,000 lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú kan náà; owó méjèèjì ló yẹ kó wọ àkáǹtì wọn. Iṣẹ́ kìíní ka 50,000. Kó tó kọ tirẹ̀ padà, iṣẹ́ kejì náà ti ka 50,000. Kìíní kọ 70,000, kejì wá kọ 60,000 lé e lórí. ₦20,000 ti wọmi, láìsí olè, láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Race condition ni wọ́n ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé kóòdù ọ́fíìsì jáde, mo fi -race, àṣẹ Go tó ń wá irú àṣìṣe yìí, sí i bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó kọ "WARNING: DATA RACE" sí mi lójú, ó sì tọ́ka sí ìlà tí mo fọwọ́ ara mi kọ.

Àtúnṣe rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Èrò náà, pé kí àwọn iṣẹ́ máa fi ìránṣẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ dípò kí wọ́n jọ máa fọwọ́ kan nǹkan kan náà, ti pẹ́: Carl Hewitt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ actor (iṣẹ́ tó ń dá tọ́jú nǹkan tirẹ̀, tó sì ń gba ìránṣẹ́) ní 1973, Tony Hoare kọ ti CSP, irú èrò bẹ́ẹ̀ náà, ní 1978, tí Go wá gba channel, ọ̀nà tí ìránṣẹ́ ń gbà, níbẹ̀. Tíṣà wa, ọmọ Ìlọrin, ní ká fi Alájọ Ṣómólú wò ó. Inú orí òun nìkan ni àkọsílẹ̀ owó gbogbo èèyàn wà. O ò lè kó ọwọ́ bọ orí Alájọ kí o lọ yí iye tí o dá padà. Owó ni wàá gbé fún un, òun á ka ti ẹnì kan tán kó tó kan ti ẹlòmíràn. Mo lọ tún ti wa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ará Ọ̀fà ní Kàdúná: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Tiyín ṣì sàn, inú kọ̀ǹpútà kan ni. Ẹ wá wo ti kọ̀ǹpútà méjì. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin láti Rìgásá sí Ìdù, mo fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Fóònù ń yí, ó ń yí, ó ní kò lọ. Mo tún fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo dé Ìdù, ₦10,000 ló ti wọlé sí madam lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún mi. (Wọn ò dá a padà títí di òní.) Ṣé iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rán ni ò dé ni, àbí ó dé, tí èsì sọnù lọ́nà? Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò lè mọ̀, kò sì sí èdè tó lè mú un mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí àtúnrán náà sì gbé nọ́ńbà kan náà dání. Tí ẹni tó ń gbà á bá ti rí nọ́ńbà yẹn rí, kó má ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ èdè Rust? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà. Irú àṣìṣe tí ọ̀gá sọ yẹn, Go á gbà á wọlé; Rust ò ní gbà á rárá. Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ẹni méjì, tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ yí i padà láìgba àṣẹ, ó ti kọ̀ nìyẹn, ètò ò ní jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo gba tirẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ó ń gbani lọ́wọ́ gbogbo ewu. Ní kọ́ḿpáàùndù wa, sítóòfù kan àti ìkòkò ńlá kan la jọ ń lò. Èmi di ìkòkò mú, mò ń dúró de sítóòfù. Ìyá kejì di sítóòfù mú, ó ń dúró de ìkòkò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jọ̀wọ́ tirẹ̀, ebi ń pa àwọn ọmọ. Deadlock nìyẹn. Mo kọ ọ́ ní Rust pẹ̀lú àgádágodo (lock) méjì, tí iṣẹ́ kan ṣoṣo lè di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á láìjanpata, ètò mi sì dúró gbagidi. Ìyá onílé ló rí ojútùú sí tilé: kí gbogbo wa kọ́kọ́ máa mú ìkòkò kó tó kan sítóòfù. Ojútùú tó wà nínú ẹ̀kọ́ wa náà nìyẹn!

Gwarinpa: Èdè Erlang ni tèmi. Kò rẹwà lójú, lẹ́tà ńlá ló fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáríábù (orúkọ tí a fi ń pe iye kan), àmì ìdánudúró ló fi ń parí ọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ Ericsson ní Sweden ni Joe Armstrong àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1986, fún ẹ̀rọ tẹlifóònù tí kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. WhatsApp tí a ń lò yìí, òun ni wọ́n fi kọ apá rẹ̀ tó wà lórí sáfà (kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wọn). Tiwọn ni pé tí iṣẹ́ kan bá ní ìṣòro, ẹ jẹ́ kó kú, alábòójútó, ìyẹn iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣọ́ ọ, á jí i. Tíṣà pa process (iṣẹ́) kan, ó jí. Ó tún pa á, ó tún jí, bí àbíkú. Ibi tí a ti ń pàtẹ́wọ́ ni iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ náà kú. Òun ò ní alábòójútó.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: 😂 Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?

Mo lọ bá wọn ní Kúbwà lọ́jọ́ Sátidé. Mo fi Alájọ Ṣómólú ṣàlàyé, wọ́n sì gbọ́ ọ yé kíákíá, ó yá ju tèmi lọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Nẹ́tíwọ̀kì tí ò ń sọ látọdún tó kọjá, ṣé ìwọ ni nẹ́tíwọ̀kì ọ̀hún?"

Mo ti fi ₦20,000 ránṣẹ́. Wọ́n ní ti oṣù kẹta ṣì wà nílẹ̀.