Fífi ẹ́ńjìnnì tí kò wọ́n rọ́pò tọ́báìnì nínú bàlúù jẹ́ẹ̀tì kékeré

Ìbéèrè: Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Mo ní bàlúù jẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí a ń fi rìmóòtù darí, tọ́báìnì tí ń mu kẹrosíìnì ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Bíárìn tọ́báìnì náà ti gan, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Iye tí wọ́n ní kí n mú wá fún àtúnṣe rẹ̀ lókè òkun ju agbára mi lọ. Bí epo lítà 2 bá wà nínú rẹ̀, bàlúù náà wúwo tó kílò 7, tọ́báìnì sì ń fi agbára kílò 6 tì í. Ǹjẹ́ mo lè fi fáànù oníná, ìyẹn EDF, rọ́pò rẹ̀ láìba ara bàlúù jẹ́?

Ìdáhùn: Bàbá Alágbẹ̀dẹ, Ilé-Ifẹ̀

Ó ṣe é ṣe, mo ti ṣe é rí. Ẹ má jẹ́ kí ìwọ̀n kó yín láyà jẹ: kẹrosíìnì lítà 2 nìkan tó kílò kan àti gíráàmù 600, bí ẹ bá sì yọ òun, tọ́báìnì, pọ́ǹpù àti táǹkì kúrò, àyè ti wà fún fáànù 120 mm àti bátìrì LiPo (bátìrì fífúyẹ́ tí a máa ń ṣájì) onísẹ́ẹ̀lì 12.

Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ wà. Tọ́báìnì kì í mu afẹ́fẹ́ púpọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè gbé e sínú ikùn bàlúù lásán, kó máa fa èyí tó bá bá níbẹ̀. Fáànù ò lè gba irú ìyẹn. Bí ihò iwájú bá kéré, yóò kàn máa pariwo ni, kò ní tì. Ẹ gé ihò kejì sábẹ́ ikùn, níwájú fáànù, kí ẹ sì fi fáíbà mọ etí rẹ̀ kó rí roboto bí etí ìkòkò, nítorí etí tó mú bí abẹ máa ń da afẹ́fẹ́ rú kó tó wọlé. Páìpù irin ti tọ́báìnì kò wúlò mọ́. Atẹ́gùn tútù ni fáànù ń tú jáde, nítorí náà fíìmù àwòrán egungun tí a ká, tí a sì lẹ̀ dáadáa, tó ó ṣe páìpù. Kí ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àyè tí ewé fáànù ń gbá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ àyè ìdí fáànù tó wà láàárín, níbi tí ewé so mọ́, kúrò nínú ìṣirò.

Bí fáànù bá ń fa ámípíà 100 lára bátìrì 5,000 mAh (ìyẹn èyí tó lè fúnni ní ámípíà 5 fún wákàtí kan), ìṣẹ́jú 3 péré ni yóò gbà kó tó tán, bẹ́ẹ̀ a kò sì gbọdọ̀ fa LiPo gbẹ. Ẹ fi aago sí rìmóòtù yín.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Òótọ́ ni Bàbá sọ, àmọ́ bátìrì onísẹ́ẹ̀lì 12 àti ṣájà rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, pàápàá níbi tí iná kì í ti í dúró. Èmi yọ ẹ́ńjìnnì lára maṣíìnì tí a fi ń gé koríko, mo sì fi pírópẹ́là sí i ní imú bàlúù. Nítorí pé pírópẹ́là ń gbá afẹ́fẹ́ púpọ̀ lọ́ra, agbára díẹ̀ ló nílò láti gbé bàlúù kúrò nílẹ̀. Òtítọ́ ni pé kò jọ jẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹsẹ̀ bàlúù sì gbọ́dọ̀ ga kí pírópẹ́là má baà họ ilẹ̀.

Ìdáhùn: Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Mo fara mọ́ ọn fún bàlúù tó nípọn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì koríko máa ń gbọ̀n gan-an, ara jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi fáíbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe lè là níbi tí ìyẹ́ ti so mọ́ ọn.

Ọmọ Ọbòkun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Fáíbà bàlúù mi fẹ́lẹ́, nítorí náà EDF ni mo mú. N ó kọ́kọ́ fi páálí wọn ihò iwájú náà, kí n mọ bí ihò abẹ́ ikùn yóò ṣe tóbi tó, kí n tó ra fáànù.