Kí ló dé tí wọ́n fi ní ọdún 1879 ni sáìkọ́lọ́jì bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọdún kìn-ín-ní ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ sáìkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá. Olùkọ́ wa sọ pé ọdún 1879 ni wọ́n bí ìmọ̀ yìí ní ìlú Leipzig, ní Jámánì, nígbà tí Wilhelm Wundt ṣí yàrá ìwádìí rẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, ti kọ odindi ìwé lórí ọkàn láti ayé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni Gustav Fechner, tí òun náà ń gbé Leipzig, ti tẹ ìwé jáde ní 1860 lórí bí a ṣe lè wọn ìmọ̀lára. Báwo ni Wundt ṣe wá di baba? Kí ló sì fà á tí àwọn onímọ̀ náà fi pín sí ìsọ̀rí púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

BàbáOlùkọ́:
O káre, ọmọ mi. Aristotle ronú jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè gbà dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Fechner ní ọ̀nà. Ó gbé e ka orí ohun tí Ernst Weber ti rí: bí ẹrù tí a gbé lọ́wọ́ bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a ó fi kún un ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí a tó fura. Ẹni tó ru garawa omi kò ní mọ̀ bí a bá da ṣíbí omi kan kún un. Hermann von Helmholtz, tí Wundt ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní Heidelberg, náà ti fi iṣan àkèré wọn bí ìsọfúnni ṣe ń yára tó nínú iṣan, ó sì rí i pé kò yá tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò.

Wundt bá gbogbo èyí nílẹ̀. Ohun tó fi kún un ni ilé tí iṣẹ́ náà yóò máa gbé: yàrá ìwádìí, ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń tẹ àbájáde sí, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun, bí James McKeen Cattell, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1886. William James ti ní yàrá kékeré kan ní Harvard ní nǹkan bí 1875, ṣùgbọ́n ó fi ń ṣe àfihàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Lójú tèmi, ọdún 1879 jọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ju ọjọ́ ìbí lọ.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìpínyà. Ohun tó fa ìjà ni ìbéèrè pé kí ni a lè pè ní ẹ̀rí. Ní Leipzig, wọn a kọ́ ènìyàn títí yóò fi lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ ìró tàbí tó bá rí àwọ̀. Edward Titchener, akẹ́kọ̀ọ́ Wundt, gbé ọ̀nà yìí lọ sí Cornell ní Amẹ́ríkà ní 1892, ó sì ní kí a máa tú ìrírí palẹ̀ títí a ó fi kan ohun tó kéré jù lọ nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oswald Külpe ní Würzburg, ní Jámánì, wá sọ pé èrò mìíràn wà tí kò ní àwòrán kankan lọ́kàn. Titchener ní irọ́ ni, ó ní àwọn tirẹ̀ rí àwòrán. Ta ni yóò dájọ́? Inú jìn.

Ibẹ̀ ni John Watson, onímọ̀ sáìkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, gbà wọlé ní 1913. Ó ní kí wọ́n fi inú sílẹ̀, kí wọ́n máa wo ìwà tí ojú gbogbo ènìyàn lè rí. Àwọn ajá Ivan Pavlov ní Rọ́ṣíà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn kí oúnjẹ tó dé, wá di àpẹẹrẹ pàtàkì fún ìsọ̀rí yìí, B. F. Skinner sì mú un tẹ̀ síwájú. Ìsọ̀rí mìíràn tako títú ìrírí palẹ̀: ní Jámánì, Max Wertheimer fi hàn ní 1912 pé bí iná méjì bá ń tàn tẹ̀lé ara wọn kíákíá, iná kan ṣoṣo tó ń rìn ni ojú ń rí, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó kúrò lójú kan. Ta ló lè rí ìrìn yẹn bó bá tú iná náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ti Sigmund Freud, tó jẹ́ dókítà, yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ní Vienna ló gbà wọlé, kò gba yàrá ìwádìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣé kò wá sí ọ̀nà tí a lè gbà wádìí ọkàn láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀?

Òǹkàwé_Ìbàdàn:
Ó wà, kò sì tiẹ̀ dúró de Watson. Hermann Ebbinghaus há ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó gbàgbé wọn, ó sì tún wọn há, ó wá ń ka iye àsìkò tó gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó mọ̀ pé nǹkan ṣẹ́ kù nínú ọpọlọ. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí ọ̀rọ̀ iyè inú tún di ohun ìwádìí ní nǹkan bí 1956, irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni George Miller, onímọ̀ sáìkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gùn lé.

Mo ní àtúnṣe kan, Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ kí a fi ti Titchener kún ẹrù Wundt. Wundt gbà pé yàrá ìwádìí kò lè dé ibi tí èdè, àṣà àti ìgbàgbọ́ wà, ìdí nìyẹn tó fi lo ogún ọdún ìparí ayé rẹ̀ láti kọ ìwé alápá mẹ́wàá lé wọn lórí. Apá yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò gbé wọ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sílé.