Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún ọmọ ogun fẹ̀yìntì: kí lojú yín ti rí?

Ìyàwó Sọ́jà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù April ni wọ́n máa ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Àwọn Olùyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà níbí, ilé ìwòsàn VA (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọmọ ogun fẹ̀yìntì) tí ọkọ mi ń lọ yóò sì tún se àsè fún wọn, wọ́n á fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó wù mí kí àwa tí wọ́n ń ṣe lóore náà la ẹnu wa sọ ohun tá a rí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Iraq ni ọkọ mi ti fara pa lẹ́sẹ̀. Kò lè wakọ̀ mọ́, iṣẹ́ tèmi kì í sì í fún mi láyè láàárọ̀. Bàbá kan ló ń wá fi mọ́tò DAV gbé e. DAV ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Láti 1987 ni wọ́n ti ń ṣètò mọ́tò fún VA, tí àwọn awakọ̀ tí kì í gba nǹkan kan fi ń gbé aláìsàn lọ bá dókítà.

Bàbá yìí fúnra wọn ja ogun Vietnam. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n á ti dé. Wọn kì í tẹ fèrè. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ti ìjókòó iwájú sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ ọkọ mi lè nà. Òfin ò gbà wọ́n láyè láti fọwọ́ gbé èèyàn wọ mọ́tò, ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ mọ́tò ló wà fún. Wọ́n á kàn dúró tì í, wọ́n á na apá wọn gbọingbọin kó lè rí nǹkan dì mú. Bí dókítà bá dá ẹnì kan dúró títí di ìrọ̀lẹ́, Bàbá ò ní gbéra, àfi kí gbogbo àwọn tí wọ́n kó wá pé.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí la lè fi dúpẹ́. Wọ́n ní ká bá àwọn wá awakọ̀ sí i, pé mọ́tò kan wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa wà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin ńkọ́?

Alábàárìn:
Ẹ ṣeun, Mà. Èmi ti ṣe alábàárìn fún Honor Flight, ẹgbẹ́ tó ń gbé àwọn ọmọ ogun àgbà lọ wo ohun ìrántí ogun. Springfield, Ohio, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré 6 gbé ọmọ ogun àgbà 12 lọ wo ohun ìrántí Ogun Àgbáyé Kejì ní Washington. Àwọn àgbà kì í san nǹkan kan. Bàbá tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ fọhùn látàárọ̀. Ìgbà tá à ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n pín lẹ́tà: àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ-ọmọ, àtàwọn ọmọ iléèwé tí wọn ò mọ̀ rí ti kọ̀wé sí wọn. Bàbá ka ọ̀kan, wọ́n ká a, wọ́n tún ṣí i. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a fi balẹ̀. Ìyá kan ló ti ń kó àwọn lẹ́tà yẹn jọ láti ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ìyá náà ò sì bá wa rìnrìn àjò. Ìyá yẹn gan-an ni kí ẹ bá mi yìn.

Àbúrò Wọn:
Tèmi le díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní bèbè ikú ní ilé ìtọ́jú VA, yìnyín ò sì jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú tó yẹ kó gbé mi gbéra. Obìnrin kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ló jókòó tì wọ́n mọ́jú. Wọ́n ń pe ètò náà ní No Veteran Dies Alone, ìyẹn ni pé kí ọmọ ogun fẹ̀yìntì kankan má ṣe kú lóun nìkan. Ó ń fi omi ra ètè wọn, ó gbé fóònù sí wọn létí kí n lè fi Yorùbá kí wọn, kí n ki oríkì wọn. Ó ní wọ́n mi orí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń san irú gbèsè yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni kéèyàn ti ṣe sọ́jà rí kó tó lè wa mọ́tò yẹn?

Ìyàwó Sọ́jà:
Rárá o. Ẹ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ara yín, wọ́n á sì wádìí yín wò. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn olùyọ̀ǹda ní ilé ìwòsàn VA tó bá sún mọ́ yín. Àbúrò mi ọkùnrin ti parí tiẹ̀. Tuesday tó ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ lé Bàbá kó lè mọ ọ̀nà ilé àwọn èèyàn.