Ṣé owó wà nínú ẹ̀rọ CNC tí èèyàn gbé sínú gáréèjì?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Coventry:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀rọ CNC ti wọ̀ mí lójú, èyí tó máa ń gbẹ́ pákó fúnra rẹ̀ bí a bá ti fi kọ̀ǹpútà ya ohun tí a fẹ́ fún un. Gáréèjì wa ṣófo, iṣẹ́ alẹ́ sì ti sú mi. Ṣé owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí àwọn ará YouTube kàn ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá ni? Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Bàbá Káfíńtà, Peckham:
Àbúrò, owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n físà wo lo fi wà nílùú? Ìyẹn ló ṣáájú iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá òwò ṣe rárá, ìbáà jẹ́ pátákó kan péré ló tà. Skilled Worker, ìyẹn físà ẹni tí ilé iṣẹ́ kan gbà síṣẹ́, náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á láyè. Dependant, ìyẹn ọkọ tàbí aya ẹni tó wà lórí Skilled Worker, lè dá tiẹ̀ ṣe, ẹni tó wà lórí Graduate, físà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, náà lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nílé mìíràn, ìyàwó ló ni òwò. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ òun ló ń ṣe é ní ti gidi o, kì í ṣe ká kàn fi orúkọ rẹ̀ bojú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Coventry:
Mo ti gba indefinite, ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, sà.

Bàbá Káfíńtà, Peckham:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá gbọ́: ẹ̀rọ kọ́ ló ń pa owó. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í pẹ́. Yíya àwòrán, dídè pákó mọ́lẹ̀ kó má baà yẹ̀, fífi sáńpépà ha á, fífi òróró pa á, dídì í sínú páálí, ibẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ. Ẹni tó bá fi wákàtí tí ẹ̀rọ fi yí nìkan ṣírò owó, ọ̀fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ní iye kan tí wàá máa gbà fún ìpalẹ̀mọ́, yálà pátákó kan ni wọ́n fẹ́ tàbí ogún. Àwọn tó ń fẹ́ ogún ni kí o máa wá kiri, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ibi àríyá, torí ìpalẹ̀mọ́ kan náà ni.

Má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wọ́ rìn torí pé o ń ṣàánú bit, irin tó ń yí tó ń gé pákó. Bí bit bá ń yí ní ìgbà 18,000 níṣẹ́jú kan, tó ní eyín méjì, tí o sì fẹ́ kí eyín kọ̀ọ̀kan máa gé 0.05 mm, 1,800 mm ló gbọ́dọ̀ máa rìn níṣẹ́jú kan. Tó bá lọ́ra jù bẹ́ẹ̀, kò gé pákó mọ́, ó kàn ń fara gbo ó ni. Pákó á dúdú, bit á kú, ẹyinná kékeré sì lè bá afẹ́fẹ́ wọnú ẹ̀rọ tó ń fa lẹ́búlẹ́bú, kó máa jó níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí o ti lọ sùn. Torí ẹ̀ ni n kì í fi í sílẹ̀ wọlé lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Bàbá ti sọ ọ́. Èmi, pátákó orúkọ ni mò ń gbẹ́: orúkọ ọmọ tuntun, orúkọ ìdílé fún ẹnu ọ̀nà, orúkọ tọkọtaya fún ìgbéyàwó. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe é pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní Ọlọ́runtóbi pẹ̀lú àmì, kí ẹ wá wo ohun tí wọ́n máa gbé jáde. Ibẹ̀ ni oúnjẹ tèmi wà, mo sì lè bu owó lé e díẹ̀ kí oníbàárà má bínú.

Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà kò ka ọ́ sí ẹyọ lẹ́tà kan. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ló mọ̀, àmì ohùn á wá dá dúró lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ológe kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé àmì náà sí, ló bá fò sórí lẹ́tà kejì. Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán, ni mo fi ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́ńtì Charis SIL àti Noto Serif kì í já mi kulẹ̀. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, màá sọ ọ́ di path, ìyẹn àwòrán tí kì í ṣe lẹ́tà mọ́, kí n tó gbé e lọ sínú sọ́fítíwíà ẹ̀rọ, kó má baà pààrọ̀ fọ́ńtì mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ tún ṣọ́ àmì abẹ́ yẹn. Bit 3 mm kò lè wọ ibi tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2 mm, sọ́fítíwíà á kàn fò ó, Ọlá á sì di Olá. Ẹ fi bit onímú V gbẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ jẹ́ kí àmì náà tóbi sí i.

Ọmọ Òǹdó, Houston:
Lọ́dọ̀ tiwa ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó wà lórí H-1B, físà iṣẹ́ tiwa, kò gbọdọ̀ dán an wò. Owó-orí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, 15.3%, bẹ̀rẹ̀ láti orí èrè $400 lọ́dún, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo èèyàn ń san. Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ láti Ṣáínà, ẹ wo iná tó ń lò kí ẹ tó sanwó: 110 ni àbí 220. Spindle, ìyẹn mọ́tò tó ń yí bit, àti àpótí tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ rántí náà pé Fusion ọ̀fẹ́, sọ́fítíwíà ìyàwòrán tí gbogbo yín ń lò yẹn, kì í ṣe fún òwò.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Coventry:
Ẹ ṣeun gan-an, sà, ma. Ọpọ́n ayò ló wà lọ́kàn mi, ìrókò ni mo sì fẹ́ fi ṣe é. Mo rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pákó orí tábìlì ìdáná.

Bàbá Káfíńtà, Peckham:
Ọpọ́n ayò dáa. Ihò méjìlá, ball nose, bit tí orí rẹ̀ rí roboto, ni kí o fi gbẹ́ ẹ kí ìsàlẹ̀ ihò lè rí roboto, kí ọmọ ayò ṣeé kó. Òyìnbó tó mọ mancala, orúkọ tí wọ́n ń pe irú eré ayò, náà á rà á. Ìrókò ni mo fẹ́ kí o rò dáadáa. Òkúta funfun máa ń wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í rí látòkè. Bí bit bá lọ gbá a, ó parí. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń mú ara yún, ó sì lè fa ikọ́ fée. Kọ́kọ́ fi beech, igi ilẹ̀ òyìnbó, ṣe é ná. MDF, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù ṣe, pàápàá, má fi imú lásán dúró tì í: ìbòmú FFP3, pẹ̀lú ẹ̀rọ M-class tó ń fa lẹ́búlẹ́bú.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Bàbá, ẹ má bínú, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí beech. Àwọn èèyàn wa á béèrè ìrókò, wọ́n á sì san owó rẹ̀. Kó ra bit carbide, èyí tó le dáadáa, sílẹ̀, kó sì fi owó bit kún owó ọpọ́n.

Àbúrò, ti owó-orí: bí gbogbo owó tó wọlé láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún kejì kò bá kọjá £1,000, kò pọn dandan kí o forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àwọn agbowó-orí ìjọba, nítorí rẹ̀. Tó bá kọjá, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke. Owó tó wọlé ni mo wí o, kì í ṣe èrè. Má rò pé wọn ò ní mọ̀, torí Etsy àti eBay, àwọn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fi orúkọ ẹni tó bá ta ọjà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ránṣẹ́ sí wọn. Etsy tún ń yọ 6.5% lórí ọjà kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Káfíńtà, Peckham:
Pe àwọn inṣọ́ránsì ilé rẹ, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ka òwò mọ́ ilé. Ó ku iná. Spindle 2.2 kW àti ẹ̀rọ tó ń fa lẹ́búlẹ́bú, má fi méjèèjì sórí extension kan. Plug 13 amp kò lè gbé ju nǹkan bíi 3 kW lọ. Bó bá jẹ́ wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n fà láti inú ilé lọ sí gáréèjì, pe oníná kó wá wò ó kí o tó ra ohunkóhun.