Linux Mint wọlé tán, ṣùgbọ́n tó bá di òwúrọ̀ kọ̀ǹpútà kì í gbéra: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àṣàkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bàbá mi ni mo gbé wá. Láptọ́ọ̀pù ọdún 2011 ni, RAM 4GB, díìsì 320GB. Bátìrì ńlá rẹ̀ ti kú tipẹ́, a ti yọ ọ́, ṣájà nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ni ọkàn mi kò ti balẹ̀, torí ibẹ̀ ni bàbá mi ń kọ gbogbo ìwé wọn sí. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), kọ̀ǹpútà yìí kò sì ní in.

Mo kó gbogbo fáìlì wọn sí díìsì ìta, mo fi Rufus (ètò tó ń sọ fláàṣì di ohun tí kọ̀ǹpútà lè fi gbéra) gbé Linux Mint Xfce, tí mo fẹ́ fi rọ́pò Windows, sórí fláàṣì. Kọ̀ǹpútà kò kọ́kọ́ rí fláàṣì náà, àfìgbà tí mo wọ inú BIOS (ìṣètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà) tí mo yí Legacy, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń gbéra, sí UEFI, ọ̀nà tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Mo ní kó pa ohun tó wà lórí díìsì rẹ́, ó parí iṣẹ́, mo yọ fláàṣì, mo tún un tàn. Ó gbéra! Bàbá mi jókòó tì í, wọ́n tẹ orúkọ wọn sí i, inú wọn dùn. Mo pa á, mo fa ṣájà yọ, a lọ sùn.

Nígbà tó di òwúrọ̀, ojú rẹ̀ dúdú. Ìlà funfun kékeré kan ló kàn ń ṣẹ́jú lókè lápá òsì. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan yíyí BIOS. Ó tún ṣiṣẹ́ lálẹ́, ó tún dákẹ́ láàárọ̀. Kí ni mo ṣì ṣe?

Àjàní:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ojú dúdú lẹ́yìn Linux tuntun, ọ̀rọ̀ àwòrán ló sábà máa ń jẹ́. Bí ojú ewé GRUB (ètò kékeré tó ń gbé Linux dìde) bá yọ, ẹ tẹ lẹ́tà "e", ẹ wá ìlà tó ní "quiet splash", ẹ kọ nomodeset tẹ̀lé e, kí ẹ tẹ F10.

Àṣàkẹ́:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. GRUB kò tilẹ̀ yọ rárá.

Àjàní:
Á jẹ́ pé mo ṣìnà. Bí GRUB kò bá tíì dé, nomodeset kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ìyá Tọ́lá:
Díìsì ọdún 2011! Ọdún mélòó ló kù fún un? Ẹ fi fláàṣì tàn án, ẹ ṣí ètò Disks, ẹ wo ohun tí SMART, àyẹ̀wò tí díìsì ń ṣe fún ara rẹ̀, sọ nípa rẹ̀.

Àṣàkẹ́:
Mo ti wò ó, mà, ó ní ara díìsì le. Nǹkan kan ṣì wà tí mo rí níbẹ̀ tí mi ò kà sí: aago tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà ń ka ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2011. Ìgbà tí mo so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló tó tún ara rẹ̀ ṣe.

Bàbá Onítúnṣe:
Àṣàkẹ́, ibi aago yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà, pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, CR2032 ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bá aago àti ìṣètò BIOS ṣọ́lé nígbà tí iná kò bá sí. Tirẹ̀ ti kú. Ẹ sì ti yọ bátìrì ńlá, nítorí náà bí o bá ti fa ṣájà yọ báyìí, BIOS gbàgbé gbogbo ohun tí o sọ fún un, ó padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, ìyẹn Legacy. UEFI ni o fi gbé Mint wọlé, Legacy ló ń wá a láàárọ̀. Kò lè rí i láé. Ohunkóhun kò ṣe Mint rẹ, ilẹ̀kùn mìíràn ni kọ̀ǹpútà ń kàn.

Má tún un gbé wọlé mọ́, jọ̀wọ́. Yí BIOS sí UEFI, fi ṣájà sílẹ̀ lára rẹ̀, tàn án. Bó bá gbéra, ṣí Terminal (ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ), kọ èyí: ls /sys/firmware/efi. Bó bá to orúkọ sílẹ̀ fún ọ, UEFI lo wà.

Ìyá Tọ́lá:
Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé kò ní yá bó bá kúkú tún fláàṣì ṣe, kó yan MBR (ọ̀nà àtijọ́ tí a ń gbà pín díìsì) fún BIOS nínú Rufus, kó gbé Mint wọlé ní Legacy? BIOS ì báà gbàgbé, ibi tó ń padà sí náà nìyẹn.

Bàbá Onítúnṣe:
Ó máa gbéra, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n aago á ṣì máa padà sí 2011. Ẹni tó ń kọ ìwé, tí kò fi ìgbà gbogbo wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tó ṣe lónìí á gba déètì àtijọ́, kò ní mọ èyí tó kọ kẹ́yìn mọ́. Bátìrì ni kó pààrọ̀. Àṣàkẹ́, fa ṣájà yọ kí o tó tú u, kí o fọwọ́ kan irin kí o tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, wáyà méjì máa ń wà lára rẹ̀. Ra èyí tó ní wáyà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jó wáyà mọ́ ọn.

Àṣàkẹ́:
Mo fi ṣájà sílẹ̀, mo yí i sí UEFI, ó gbéra! Orúkọ náà jáde ní Terminal bí ẹ ṣe wí. Bàbá mi ní kí n kí yín.

Àṣàkẹ́ (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin):
Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ́ RAM ni mo ti bá a, wọ́n fi ike dúdú wé e, wáyà pupa àti dúdú lára rẹ̀, ẹnu wáyà náà kò tó èékánná ọmọdé. Mo rọra fa ẹnu rẹ̀, mo ti tuntun bọ̀ ọ́, mo tún aago àti UEFI ṣe. Òru mẹ́ta ni mo ti fi fa ṣájà yọ. Láàárọ̀ yìí kí n tó jí, bàbá mi ti tàn án fúnra wọn, wọ́n ti kọ ojú ìwé kan àbọ̀.

Àjàní:
Ẹ kú oríire. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo aago tèmi tí mo pa láti àná ni. Òun náà ti padà sẹ́yìn.